Ọjọ́ Tí Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi Wọ Rélùwéè

Òórùn àdí àgbọn ló jí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà. Mo kọ́kọ́ rò pé ìyá mi ń dín nǹkan ni, inú mi sì ti ń dùn, àfi ìgbà tí mo yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo rí i pé kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni wọ́n lóṣòó tì. Ìyẹ́ adìẹ kan wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á tì í bọ inú abọ́ àdí, wọ́n á fi pa ṣéènì kẹ̀kẹ́, wọ́n á yí i díẹ̀, wọ́n á tún pa á. Kò sẹ́ni tó ní epo ẹ̀rọ ní agboolé wa ní Ọ̀jọ́ nígbà náà. Àgbọn la ní. Òun la fi ń pa ara, òun la fi ń se oúnjẹ, òun náà ni ìyá mi sì rò pé ó yẹ kí a fi pa kẹ̀kẹ́. Àwọn èèrà ti ń tò bọ̀ láti ẹsẹ̀ ògiri wá sídìí táyà.

Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, n kò rí i kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ yẹn. Èkùrọ́ ni bàbá mi ń rà. Wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Okokomaiko àti Ìba, tí oko ṣì yí gbogbo ibẹ̀ ká, wọ́n á ra èkùrọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń pa á, wọ́n á di àpò rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wálé. Nígbà tí ó bá pọ̀ tó, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé e lọ sí Èkó. Ní ìgbà òjò kan, ọkọ̀ wọn dojú dé lórí ọ̀sà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n gbé òkú wọn wálé. Kẹ̀kẹ́ náà kò sí pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ náà nítorí pé táyà iwájú ti jò. Ìdí nìyẹn tí ó fi ṣẹ́kù fún wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń wò ó tìbínú-tìbínú, bíi pé ó mọ̀ọ́mọ̀ dúró sílé ni. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé kò sí ọgbọ́n nínú ìbínú yẹn, ṣùgbọ́n mo bínú náà.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ó ku ọdún díẹ̀ kí ìwé ọ̀fẹ́ tó dé. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti sọ fún gbogbo ilé pé tí ọdún ilé ìwé bá ti parí, wọ́n á mú mi lọ sí Àgbádárìgì lọ́dọ̀ ìbátan wọn kan, kí n lọ máa bá a ta ẹja. Ohun tó lè yí èyí padà kò ju ẹyọ kan lọ. Àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Èbúté Mẹ́ta, tí èmi ń pè ní Bàbá Kékeré, kọ lẹ́tà wá. Èmi ni mo kà á fún ìyá mi ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ti rí iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ní ọ́fíìsì kan, wọ́n á máa há lẹ́tà káàkiri Èkó. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ ní kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, kí ó sì gbé e wá kí ọ̀gá fojú rí i kí ọ́fíìsì tó tì ní aago kan ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ní àwọn á máa retí wa ní Ìdó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: "Bí mo bá rí iṣẹ́ yìí, Sàfú kò ní kúrò ní ilé ìwé. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá mi ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì wọlé lọ wá ìyẹ́ adìẹ.

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan nípa ìyá mi kí n tó máa bá ìtàn lọ, nítorí pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Bí gbogbo ìyàwó ilé wa, wọn kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá nílé ọkọ. Gbogbo ẹni tí a bí sí ilé náà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, ọkọ wọn ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Orúkọ ìnagijẹ ni wọ́n fún olúkúlùkù. Bàbá Kékeré ti ka ìwé mẹ́fà, nítorí náà Akọ̀wé ni wọ́n ń pè wọ́n. Bàbá mi ni Bàbá Sàfú. Orúkọ wọn gan-an, Bùráímọ̀, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi rí. Bẹ́ẹ̀, orúkọ kan náà ni èmi ń kọ sí orí síléètì mi lójoojúmọ́, Sàfúrátù Bùráímọ̀, tí tíṣà sì fi ń pè mí. Ṣùgbọ́n ní ilé, n kò jẹ́ dán an wò. Ọmọ tó bá pe orúkọ bàbá rẹ̀ lásán, etí rẹ̀ á gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí. Ìyá Àgbà tún fi kún un lẹ́yìn ìsìnkú pé, "A kì í pe orúkọ ẹni tí omi gbé níbi tí omi ti lè gbọ́." Mo gbà á gbọ́ pátápátá. Mo máa ń rò pé bí a bá pè wọ́n lẹ́bàá omi, wọ́n á dáhùn.

Ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo èèyàn ń wọ̀ lọ sí Èkó láti Ọ̀jọ́. Ó yá, ó sì rọrùn. Ìyá mi ní kẹ̀kẹ́ yẹn kò ní gun omi. Wọn kò ṣàlàyé, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n. Ilẹ̀ la gbà, títí dé ibi tí a ó ti wọ rélùwéè ní Ọ̀ṣọ́dì. Wọn kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn, nítorí náà ńṣe ni wọ́n ń tì í, èmi náà sì ń ti ìdí rẹ̀ níbi tí iyanrìn bá ti jìn. Nígbà tí a dé Okokomaiko, agogo kẹ̀kẹ́ ta lórí gbòǹgbò igi kan, ó dún. Obìnrin kan sáré jáde láti ìdí ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ kún fún èkùrọ́, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí àwa méjì, ẹ̀rín náà kú. Ó ní, "Àṣé ìyàwó rẹ̀ ni." Ó bá wa ti kẹ̀kẹ́ náà dé ìpẹ̀kun abúlé. A kọjá ní Ìba, a sùn ní Ìkọ̀tún lọ́dọ̀ ìbátan ìyá mi kan, òun ló sì bá wa lẹ táyà iwájú tó jò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Sátidé, ẹsẹ̀ mi ti wú, ṣùgbọ́n a ti wà ní ibùdókọ̀ Ọ̀ṣọ́dì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wọ ọkọ̀ àárọ̀ yẹn rí á rántí. Láti Agége ló ti ń kún bọ̀. Nígbà tó bá fi máa dé Ọ̀ṣọ́dì, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Ìdó ti so mọ́ ẹnu ọ̀nà bí ẹyìn ọ̀pẹ, apá jáde lójú fèrèsé, fìlà ń bọ́. Ìyá mi rí ọkùnrin kan tó gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, wọ́n sì rò pé bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n gbé táyà iwájú lé àtẹ̀gùn ọkọ̀. Èmi ń ti ìdí.

Ẹnì kan kígbe nínú lọ́hùn-ún pé, "Ìyá, níbo lẹ ń gbé ìyẹn bọ̀? Ẹsẹ̀ èèyàn kò rí ibi dúró, ẹ tún ń gbé ẹsẹ̀ onírin wọlé!"

Òmíràn ní, "Ẹ jẹ́ kó wọlé jàre. Bí kò bá sí àyè, kí Lámídì gùn ún. Ó ti ń sọ pé òun ò ríbi jókòó."

"Ta ló ń dín àkàrà nínú ọkọ̀ yìí?"

"Kì í ṣe àkàrà. Ṣéènì ni wọ́n dín!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò funfun rí i pé àdí ti ta sí òun lẹ́sẹ̀, ló bá fárí gá. "Ẹ wo ṣòkòtò mi! Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọ̀gá òyìnbó? Kí n ní kẹ̀kẹ́ ló fi àdí pa mí lára?"

Ìyá mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọkọ mi tó ti kú ló ni ín."

Ẹ̀rín náà dá. Mo rántí bí ó ṣe dá nítorí pé ó dùn mí ju ẹ̀rín fúnra rẹ̀ lọ. Ó dà bíi pé a ti tú aṣọ níwájú àwọn tí a kò mọ̀ rí. Ọkùnrin oníṣòkòtò funfun yẹn ló kọ́kọ́ na ọwọ́ láti bá wa gbé e, ṣùgbọ́n gáàdì ọkọ̀ ti dé.

Gáàdì ní, "Ẹ gbé e bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ni kẹ̀kẹ́ ń wọ̀, kì í bá èèyàn jókòó." Ó gbé e fúnra rẹ̀, àwa ń sáré tẹ̀ lé e, títí dé kọ́ọ̀ṣì ìdí ọkọ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Ó mú páálí kékeré kan jáde àti pẹ́ńsù. "Orúkọ ẹni tó máa gbà á ní Ìdó?"

"Akọ̀wé ni," ìyá mi wí.

"Akọ̀wé kí?"

"Akọ̀wé náà ni. Àbúrò ọkọ mi."

Mo mọ orúkọ Bàbá Kékeré. Lásísì ni. Mo la ẹnu, mo sì tún pa á dé, nítorí pé ìyá mi máa ń sọ fún mi pé, "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n," mo sì ti pinnu láàárọ̀ ọjọ́ náà pé màá jẹ́ ọmọ dáadáa. Gáàdì kọ Akọ̀wé sí páálí, ó ya á sí méjì, ó so ìdajì mọ́ kẹ̀kẹ́, ó fún ìyá mi ní ìdajì. Ó fọn fèrè. A sáré padà sí ẹnu ọ̀nà èrò, ṣùgbọ́n gbogbo ẹnu ọ̀nà ni èèyàn ti dí. Ọkọ̀ náà ṣí. A dúró sórí pèpéle, a ń wo ìdí rẹ̀ tó ń kéré sí i, kẹ̀kẹ́ bàbá mi wà nínú rẹ̀, àwa kò sí níbẹ̀.

Ìyá mi kò sunkún. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n di páálí náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì títí ọkọ̀ mìíràn fi dé. Ó pẹ́ kó tó dé. Aago ńlá tó wà ní Ìdó ni mo kọ́kọ́ wò nígbà tí a bọ́ sílẹ̀, nítorí pé tíṣà wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa bí a ti ń ka aago. Ó ti kọjá méjìlá.

Akọ̀wé tó ń bójú tó ẹrù jẹ́ àgbàlagbà kan tó wọ awò ojú. Mo rí kẹ̀kẹ́ wa lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ara ti ògiri. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, wọ́n fún un ní páálí. Ó wò ó, ó wo ìyá mi.

"Ìyàwó, gbọ́. Ọkùnrin kan ti wá síbí láàárọ̀, ó ní tòun ni. Mo bi í léèrè orúkọ, ó ní Lásísì. Páálí ní Akọ̀wé. Mo ní kó máa lọ. Ó ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan lòun ń lọ bẹ̀bẹ̀, òun ń padà bọ̀. Ìwọ náà tún dé. Gbogbo ẹni tó wọ ṣòkòtò nílùú yìí ni akọ̀wé. Èwo nínú wọn ló ni ín?"

Ìyá mi tú etí ìró wọn, wọ́n mú ìwé láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ jáde. Ọkùnrin náà kà á, ó sì fi í mọ́ àyà kí a má bàa rí i. "Ẹni tó bá jí kẹ̀kẹ́ lè jí ìwé rẹ̀ mọ́ ọn. Pe orúkọ tó wà nínú ìwé yìí, mo gbé kẹ̀kẹ́ fún ọ lójú ẹsẹ̀."

"Bàbá Sàfú ni."

"Wọn ò kọ Bàbá Sàfú síbí."

"Olówó orí mi ni, ẹ jọ̀ọ́."

Àwọn tó tò sẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní, "Bàbá, ẹ wò ó dáadáa, bóyá wọ́n kọ olówó orí síbẹ̀." Ẹlòmíràn ní kí a yẹra, ọkọ̀ òun ń lọ.

Nígbà náà ni ìyá mi bojú wò mí.

Mo ti gbìyànjú láti kọ ibí yìí lọ́nà púpọ̀, kò sì sí èyí tó dín ìtìjú mi kù. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wí láìsọ̀rọ̀. Mo mọ orúkọ náà. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n gbé síléètì fún mi, ǹ bá ti kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, èmi ni wọ́n fẹ́ mú lọ sí Àgbádárìgì bí kẹ̀kẹ́ yẹn kò bá jáde. Ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ mo ń gbọ́ òórùn ọ̀sà, mo ń rí i tó ń dán nínú oòrùn, mo sì ronú pé bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á jẹ́ mi lóhùn láti inú omi, níwájú gbogbo èèyàn wọ̀nyí. Mo wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Mo dákẹ́.

Ìyá mi tú gèlè orí wọn, wọ́n fi gba ìdí. Wọ́n tún kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò dà bí ìkúnlẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé wọn kò kọjú sí akọ̀wé náà mọ́. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kọjú sí.

"Bùráímọ̀," ni wọ́n wí.

Ohùn wọn kò ròkè. Ọkùnrin náà ní òun kò gbọ́. Wọ́n ní, "Bùráímọ̀ Àlàó. Ọmọ Ọ̀jọ́ ni. Ọkọ mi ni."

Mo tẹ́ etí. Ẹ̀rọ rélùwéè kan ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí irin. Ẹnì kan ń pe aláàárù. Kò sẹ́ni tó dáhùn láti inú omi, mo sì rántí pé ńṣe ni ọkàn mi gbọgbẹ́ pé kò sẹ́ni tó dáhùn, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀rù tó bà mí.

"Ó tán?" akọ̀wé náà wí, kò sì fi ṣẹ̀sín. Ó lọ gbé kẹ̀kẹ́ náà wá, ó sì fi aṣọ ìnujú ara rẹ̀ nu orí ìjókòó rẹ̀ kí ó tó fún wa.

Ìta ni a ti bá Bàbá Kékeré pàdé, wọ́n ń sáré bọ̀, òógùn ti mú ẹ̀wù wọn lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. "Ìyàwó wa! Wọ́n ní àwọn ò lè dúró ju aago kan lọ!" Wọn kò tilẹ̀ kí wa tán tí wọ́n ti fò gun kẹ̀kẹ́. Ìyá mi ní, "Akọ̀wé, rọra o, àdí ni mo fi pa á." Kò jọ pé wọ́n gbọ́. Nígbà tí wọ́n padà wá bá wa lábẹ́ igi tí a jókòó sí, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà lé èjìká bí ẹni gbé ọmọ. Wọ́n ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí ọ̀gá náà ti ilẹ̀kùn nígbà tí àwọn débẹ̀. Wọ́n ti gba iṣẹ́ náà.

N kò lọ sí Àgbádárìgì. Mo parí ìwé, mo tún lọ sí òmíràn, àti òmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Gbogbo ibi tí mo dé ni wọ́n ti ń pe Bùráímọ̀ mọ́ mi lórúkọ, n kò sì jẹ́ ẹ rí láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ rántí Ìdó. Mo gbà pé mo fi ìyá mi sílẹ̀ kí wọ́n tẹ́ nítorí mi. Mo gbà pé ìwé tí mo kà, ìtìjú wọn la fi rà á. Bí mo bá gba àmì tó dára, màá ronú pé ó tọ́ sí wọn. Bí mo bá gba èyí tí kò dára, màá ronú pé mo tún ti dákẹ́.

Lọ́dún yìí, lẹ́yìn tí mo gboyè, tí mo ń dúró de iṣẹ́, mo lọ sí Ọ̀jọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyá mi ń ṣa edé lórí ẹní, èmi náà jókòó, mo ń bá wọn ṣà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Mo ṣàlàyé ohun gbogbo, omi, ẹ̀rù, síléètì, Ìyá Àgbà, bí ọkàn mi ti rí nígbà náà àti bí ó ti ń rí láti ìgbà náà wá. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí, bóyá nítorí pé mo ti kàwé.

Wọ́n ní, "Ìtìjú kẹ̀? Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè orúkọ ọkọ mi. Wọ́n á ní olóògbé. Wọ́n á ní bàbá àwọn ọmọ. Ó ń yún mi lẹ́nu kí n pè é, ilé ò sì fún mi láyè. Ọkùnrin onígíláàsì yẹn ló fún mi láyè." Wọ́n fẹ́ ìdọ̀tí kúrò lára edé ọwọ́ wọn. "Ká ní o gbà á pè mọ́ mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà, màá bá ọ jà, Sàfú."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn bẹ̀rù, ó sì dákẹ́. Ẹ̀rù ṣì ń ba èmi tí mo jókòó síbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni mo fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Láti ìgbà èwe mi títí di ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń ṣàlàyé ìyá mi fún ara mi, n kò sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Àgbàlagbà tó ń bójú tó ẹrù ní Ìdó, tí kò mọ̀ wọ́n rí, bi wọ́n.